Bàbá, Ọmọ Mi Ní Kí N Jẹ́ Kí Òun Jókòó

Bàbá mi, ẹni ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò gbà bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé kejì ni mo wà tí ẹ fi ní kí n wá gbé àdá. Èyí tó kù, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ lára àpò kòkó àti lára Bíbélì. Síbẹ̀, àwọn tó kàwé tán ni wọ́n ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Aládé kí n tó bá wọn wọn kòkó. Ilé tí ẹ fi amọ̀ kọ́ sí Atosin níbí, mo ti sọ ọ́ di pẹtẹ́ẹ̀sì. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú táásì lónìí, tí ẹ sọ pé ilé mi lẹ ń lọ, kò sí ọlọ́kadà tí yóò bi yín ní ọ̀rọ̀ kejì. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn ẹni tó ń fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ta ni kí n wá fọ́nnu fún, tí inú rẹ̀ yóò dùn tó tiyín?

Ara mi le. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo máa ń sáré gun ọ̀nà oko wa àtijọ́ lórí òkè, èyí tí òkúta rẹ̀ máa ń yọ̀ bí ìrì bá ti sẹ̀. Àwọn àlejò láti Àkúrẹ́ ń gun àtẹ̀gùn tí ìjọba ṣe sí ara òkè, wọ́n á dúró mí kanlẹ̀, wọ́n á dúró ya fọ́tò. Èmi kì í dúró. Àwọn géńdé kan tẹ̀ lé mi rí, mo fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fi ẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ Fẹ́mi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Fẹ́mi, àkọ́bí mi, ẹni tó tọ̀ sí yín lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì, tí ẹ ní kí a má nù ún, pé ìtọ̀ ọmọ kì í ba aṣọ jẹ́. Ó ti di ọ̀gá ní báǹkì ní Àkúrẹ́. Ó ti sanra, Bàbá. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù ló máa ń wà. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo ẹbí péjọ, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ọkùnrin tí kì í làágùn, àlejò ló jẹ́ nínú ara rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fẹ́mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó pẹ́ gan-an kó tó tún fẹsẹ̀ kan ilé. Ìyá rẹ̀ ló máa ń pè lórí fóònù. Bí mo bá gba fóònù náà, á kí mi dáadáa, á béèrè àlàáfíà mi, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ìyá rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé dókítà ti rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ̀, pé wọ́n ní kó máa ṣe eré ìdárayá, kó jò díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, mi ò jẹ́ kó hàn. Mo pè é, mo ní kó wá sílé, pé ọ̀rá tí àga báǹkì kó lé e lára, èmi ni n óò bọ́ ọ kúrò. Ó wá lóòótọ́. Ó wọ bàtà tó pọ́n bí kòkó tó gbó, ó de aago kan mọ́ ọwọ́, èyí tó ń ka ìṣísẹ̀, ó gbé ìgò omi tí yìnyín ń ró gbàn-ìn gbàn-ìn nínú rẹ̀. Ó béèrè bóyá a kò ní kọ́kọ́ na ara. Mo bi í léèrè pé ta ló ń na ara kó tó sá fún ejò. Ó mi orí, ó ní òun gbọ́.

Bàbá, mo sáré lọ́jọ́ náà. N kò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ kó rí mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi bí ẹ̀rọ ìlọta tí bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́ já, dípò kí n rọra, ṣe ni mo fi kún un. Kò ní kí n dúró. Ọmọ mi ni. A gun òkè náà, a sì sọ̀ kalẹ̀, a jọ dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí a ń sá kòkó sí. Òógùn ń kán ní igbọ̀nwọ́ rẹ̀ bí òjò tó ń kán ní etí òrùlé. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọ̀dọ̀ mọ́tò rẹ̀ ló dojú kọ, ó fẹ́ wọ inú rẹ̀ kó tan afẹ́fẹ́ tútù, kó sì da omi yìnyín yẹn sọ́nà ọ̀fun. Mo dí i lọ́nà. Mo ní kó máa rìn yí kòkó ká, kó má mu ohunkóhun, kó má jókòó.

Ṣé ẹ ti mọ ibi tí mo ti rí i? Ọ̀dọ̀ yín ni. Bí mo bá ti sọ ẹrù kòkó kalẹ̀, tí ọrùn mi bá ti wọ inú èjìká, ẹ kì í jẹ́ kí n jókòó. Ẹ óò dúró níbẹ̀, ẹ óò fi ìka kan gbá òógùn iwájú orí yín dànù, ẹ óò sì ní kí n máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí àyà mi yóò fi rọlẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni igbá omi tó ń bọ̀, omi inú ìkòkò, ẹ óò sì ti bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ìwẹ̀ kò tíì yá, ó di ìgbà tí òógùn bá gbẹ lára. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ óò bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì yín, ẹ óò fi kọ́ ẹ̀ka igi obì, tó bá gbẹ, ẹ óò tún wọ̀ ọ́, Màmá á sì máa kùn pé òórùn yẹn á pa òun. Kò sí ibi tí n kò tíì fi ọ̀rọ̀ yìí fọ́nnu dé. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó jókòó ló ń kọ́ pẹtẹ́ẹ̀sì.

Fẹ́mi rìn. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbéra, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́lẹ̀. Ó dúró, ó di orúnkún rẹ̀ mú, kò gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jókòó."

Ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn ọ̀gá báǹkì. Mo ní kó máa rìn, pé bàbá tèmi kò jẹ́ kí n jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé èkejì. Ìyàwó mi tó ń fi ẹsẹ̀ da kòkó lápá kejì dúró, ó wò ó, ó sì wò mí. Kò pariwo rárá.

"Bàbá Fẹ́mi, ojú ọmọ yìí ti ń yí. Kì í ṣe bàbá yín lẹ fẹ́ tẹ́ lọ́rùn níbí o. Fẹ́mi nìyí."

Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Òógùn náà ti tutù. Ètè rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Bàbá, ibẹ̀ ni mo ti ṣe àìgbọràn sí yín. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, mo gbé e tàgétàgé wọ ibòji, mo tẹ́ ẹ sórí àpò òfìfo. Ìyá rẹ̀ ní kí n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mo gbé e lé àpò tó kún. Mo bọ́ bàtà pupa yẹn. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣeé fún bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ tútù sí i lọ́rùn àti lábẹ́ abíyá. Èmi ya páálí kan, mo ń fi fẹ́ ẹ. Èmi tí n kò fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, mo dúró lé e lórí, mo ń fẹ́, mo ń fẹ́. Nínú ọkàn mi, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé kó gba pẹtẹ́ẹ̀sì, kó gba ṣọ́ọ̀bù Aládé, kó gba gbogbo igi kòkó tó dúró lórí ilẹ̀ mi, kó má ṣe gba èyí.

Mo tẹ̀ ba láti tú bọ́tìnnì rẹ̀, òórùn òógùn rẹ̀ sì kàn mí nímú. Òórùn tiyín ni. Òórùn síńgílẹ́ẹ̀tì orí igi obì ni. N kò mọ̀ pé ó ṣì wà láyé.

Ó ṣe díẹ̀, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ padà sí ètè rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là dáadáa, ìyá rẹ̀ gbé orí rẹ̀ sókè, ó ń fún un ní omi tó fi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí, Fẹ́mi sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọmọọmọ yín ni pé ìṣísẹ̀ mélòó ni aago òun kà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá a dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan. Nọ́ọ̀sì náà ní ìrìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn eré dára, pé kò yẹ kí ènìyàn tó ń sáré dédé dúró gbagidi tàbí kó kó sínú òtútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orí mi ti ń wú, mo ti fẹ́ sọ fún un pé bàbá mi mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí i. Ó wá ní ṣùgbọ́n bí ojú bá ti ń ṣú ẹni náà, ìrìn ti tán, ká tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni, ká gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó tún béèrè pé ta ló mú ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sáré gun òkè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ń wo ògiri.

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lóòótọ́ nígbà náà? Ṣé nítorí àyà mi lẹ ṣe ń ní kí n máa rìn, àbí líle yín lásán ni?

Èyí tó ń dà mí láàmú jù kò sì ju báyìí lọ. Fẹ́mi la ẹnu bẹ̀ mí. Èmi kò bẹ̀ yín rí. Ọjọ́ kan wà nígbà ìkórè, ojú ṣú mi bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, mo di ọgbà mú kí n má baà ṣubú. Ẹ wò mí, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ẹ dúró bí ẹni tó ń retí nǹkan. Mo pa ẹnu mi dé, mo jẹ́ ọkùnrin, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Kí lẹ ń retí lọ́jọ́ náà, Bàbá? Bí mo bá ti ní kí ẹ jẹ́ kí n jókòó, ṣé ẹ̀yin náà ì bá ti tẹ́ àpò fún mi? Ṣé ẹ ì bá ti fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi? Mo fi gbogbo ayé mi yangàn pé ẹ kò gbà fún mi, n kò sì béèrè lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Agbára wo wá ni mo ní tó ju ti ọmọ tó lè la ẹnu sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó ti rẹ òun?

Ó ku ìgbẹ̀yìn ọjọ́ náà tí n kò tíì sọ fún yín. Ìyá rẹ̀ ti wọ ilé ìdáná. Fẹ́mi ti dìde jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, òógùn ti gbẹ sí i lójú, iyọ̀ rẹ̀ ti fa ìlà funfun sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ṣì wà lórí ìdúró, mo ṣì ń mi páálí yẹn. N kò tíì jókòó láti ìgbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Òógùn tèmi ń kán láti àgbọ̀n mi sórí itan rẹ̀, mo sì ti fi ọwọ́ kejì di ògiri mú, mo rò pé kò hàn. Ó wò mí. Ó na ẹsẹ̀, ó fi fa àpótí ìjókòó ìyá rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Bàbá, ẹ̀yin náà, ẹ jókòó."

Ẹnu ti ń yún mi láti sọ fún un pé kì í rẹ èmi. Mo jókòó, Bàbá. Ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi fẹ́ mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, bí ìdí mi ṣe kan àpótí náà, mo yára wẹ̀yìn, kí n wò ó bóyá ẹ ń bọ̀.

Kí ilẹ̀ ibẹ̀ máa tù yín lára. Bí ẹ bá rí Màmá, ẹ bá mi sọ fún un pé Fẹ́mi ti ń wálé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń làágùn lórí ilẹ̀ yín ní Atosin.