Àṣẹ tí Màálàmù Garba Fi Sílẹ̀ fún Hàúwà

Àtìní, ọjọ́ kẹta Rájábù, 1333

Irọ́ ni mo pa. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Nígbà tí ọ̀gá mi, Màálàmù Garba, ń kú lọ ní Gàmbàrí, àdúgbò wa n’Ílọrin, èmi nìkan ni mo wà lẹ́bàá ẹní rẹ̀. Ó ní: “Sàlíhù, ilé-kéú di tìrẹ. Ṣùgbọ́n Hàúwà ọmọ mi ti ka kéú yanjú. Fún un láṣẹ lójú gbogbo ènìyàn, kí ó máa kọ́ àwọn obìnrin.” Mo ní mo gbọ́. Mo jáde, mo ní ó fi ilé-kéú lé mi lọ́wọ́. Mo dákẹ́ síbẹ̀.

Ìlara ni. Abẹ́rẹ́ ni mo ń pe Hàúwà nínú ọkàn mi nígbà tí a jọ ń kéú — bí mo bá ṣi ibi kan kà, ohùn rẹ̀ á gún mi láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Òun kì í ṣì í.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹrin

Òjò. Orúnkún ń ro mí. Kò sí ohun tí mo lè kọ.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹfà

Kò sí kéú lónìí. Binta, ìyàwó tuntun tí ọkọ rẹ̀ ń ta iṣu ní ọjà Ìpátá, wá béèrè ọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó ń fi ìka fa ẹní ya. “Àáfà, ọ̀rọ̀ obìnrin ni.” Mo ní kí ó sọ ọ́. “Ojú ń tì mí.” Ó dìde, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ láti ọjọ́ yìí wá.

Abẹ́ igi ọ̀dán ni ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ ilé-kéú yìí, kí òyìnbó tó dé. Kékeré ni títí dòní. Síbẹ̀ òun ló ń sọ ọmọ lórúkọ fún àdúgbò, òun ló ń so yìgì, òun ló ń parí ìjà ogún. Ìdajì àdúgbò ni mo ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ síta.

Jímọ̀, ọjọ́ keje

Lẹ́yìn ìrun, Danjuma ọmọ Hàúwà wá kí mi. Ó ń ta gbánja ní Kánò. Ó ní òun wá mú ìyá òun lọ pátápátá. Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Àtìní ni wọn yóò wọ̀. Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ wí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun sọ pé òun ò ní nǹkan kan n’Ílọrin mọ́.

N kò lè jẹun.

Àlàádì, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ sílé Hàúwà. Ó ń di ẹrù. Mo sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí fún un, gbogbo rẹ̀. Kò sunkún, kò bú mi. Ó fi ẹrù tó ń dì sílẹ̀.

“Mo ti rò pé Bàbá gbàgbé mi ni.”

Ì bá sàn kí ó bú mi.

Mo ní n óò ṣe é lọ́la, lójú gbogbo Gàmbàrí. Ó ní: “Àáfà, ẹ ti dàgbà o. Ẹ má tún lọ gbàgbé ẹ̀ sọ́nà.” Ó ṣì ń gúnni.

Àtìní, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n wá. Àwọn obìnrin pọ̀ débi pé wọ́n dúró dé ojú ọ̀nà. Mo rí Binta láàárín wọn. Mo jẹ́wọ́. Bàbá àgbà kan pariwo, “Àúsùbíláì! Sàlíhù!” — mo gbà á. Danjuma dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé ẹrù rù.

Àṣà wa ni pé ẹni tó ń fúnni láṣẹ á di ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú, á ka orúkọ àwọn olùkọ́ láti ẹnu dé ẹnu, á fi tirẹ̀ kún un, kí ó tó dé orí ti akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin ni, nítorí náà mo na láwàní mi sí i. Ó di etí kan mú, mo di èkejì. Mo ń ka orúkọ lọ. Mo dé orí Garba. Mo fo tèmi.

Garba ló fún Hàúwà. N kò sí láàárín wọn.

Ó gbọ́ ọ. Ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. Mo jọ̀wọ́ etí láwàní tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà. “Danjuma, sọ ẹrù kalẹ̀.”