Ọjọ́ Keje Lórí Kàlẹ́ńdà Báńkì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi o. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa pọn àbúrò mi, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lẹ́nu mi, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti bírò. Irin tí mo fi ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ ti jẹ́ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n, nítorí náà bí o bá rí ọ̀rọ̀ kan tó dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀, bá mi gbé e dìde kí o tó kà á. Mo lè bẹ ẹnìkan kó bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí mo lè fi sẹ́nu ẹlòmíì.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara àfẹ́sọ́nà rẹ le? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ ní ìlú elérò púpọ̀ yẹn, kó má jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò ní rántí orúkọ rẹ, kí àtẹ̀gùn tí ò ń gùn dé yàrá rẹ lójoojúmọ́ má gba gbogbo agbára rẹ. Àmín. Èmi náà wà láàyè. Ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Àárẹ̀ yẹn gan-an ló bí lẹ́tà yìí.

Fúráìdé lónìí. Ìdí fèrèsé yàrá wa ni mo jókòó sí, oòrùn sì wà lára ògiri ilé tó kọjú sí tiwa. Bó bá ti kúrò lára ògiri yẹn, Sábáàtì wọlé nìyẹn, mo gbọ́dọ̀ gbé bírò sílẹ̀, torí iṣẹ́ ni ìwé kíkọ, pàápàá fún irú èmi tó ń làágùn sí i. Ibi tí mo bá dé ni màá dúró sí, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe fi í sínú àpò ìwé láàárọ̀ Sọ́ńdè, torí bí mo bá ní kí n tún un kọ, ìgboyà mi á ti tán.

Mo kọ "yàrá wa" sókè yẹn, ojú sì tì mí. Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti lọ́kọ, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé ọmọ ọmọ jó. Àwọn tá a jọ ń lọ aṣọ ṣì ń pè mí ní Ìyàwó Tuntun, bí mo bá tẹjú mọ́ ọ̀nà díẹ̀ báyìí, wọ́n á ní Ìyàwó Tuntun, rọra o, aṣọ onílé ń jó lọ́wọ́ ẹ. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì mọ ohun tí mo lè máa pe ọkọ mi. Bí mo bá fẹ́ pè wọ́n, màá wúkọ́ ni. Wọ́n ti mọ ikọ́ yẹn, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Baba Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, torí aago ni wọ́n ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì, tí aago mọ́kànlélógún wà lára ògiri rẹ̀ tí kò sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ rẹ fún mi, "ọmọ rẹ" ni wọ́n máa ń wí. Ọmọ rẹ ti pè. Ọmọ rẹ kí ọ. Mi ò bá wọn wí, wọn ò tíì rí ọ.

Ìjọ wọn ò pọ̀. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni wá bí àwọn ọmọdé bá pé, ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ káfíńtà la ti ń pàdé, káfíńtà yẹn náà ni alàgbà wa. Bí a bá dìde lórí ìkúnlẹ̀, eruku igi á ti fún orúnkún olówó àti tálákà láwọ̀ kan náà. Ọdún tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yòókù ń ṣe kọ́ ni wọ́n ń ṣe, àwọn ọdún inú Bíbélì ni. Nígbà tí Àjọ Àìwúkàrà dé, wọ́n ní ohunkóhun tó bá ní ìwúkàrà ò gbọdọ̀ sùn nínú ilé fún ọjọ́ méje. Mo gbálẹ̀, mo gbọn ibùsùn, mo fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀rún búrẹ́dì láàárín pákó tábìlì, ọkọ mi sì ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú iná láti wò ó bóyá mo ṣe é dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ wọn láti mú aṣọ ìnujú, ni mo bá bá ààbọ̀ búrẹ́dì tó ti gan bí òkúta láàárín àwọn ọwọ́ aago. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní ìyẹn ti ń gbé níbẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n, ẹ̀rù wọn dín díẹ̀ lára mi.

Ti fóònù tí o rà fún mi, má bínú pé o kì í bá mi lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n kọ́ wa pé ẹran ọ̀sìn pàápàá ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní Sábáàtì, mo wá rò ó pé fóònù yìí ń ṣiṣẹ́ ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ. Nítorí náà ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé màá pa á, màá dojú rẹ̀ délẹ̀, màá fi aṣọ bò ó kí òun náà sinmi. Obìnrin tó máa ń dá ọ lóhùn pé mi ò sí níbẹ̀, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ó jọ pé wọn kì í fún un lọ́jọ́ ìsinmi kankan.

Ó dáa, jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nínú mi, oòrùn ò dúró dè mí.

Kàlẹ́ńdà báńkì tí o fi sínú páálí fóònù yẹn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo fi kọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń dúró kí omi hó, mo fi ìka ka àwọn ọjọ́ orí rẹ̀. Mọ́ńdè ló wà níwájú. Mo kà á láti ibẹ̀, Mọ́ńdè ọ̀kan, Túsìdeè èjì, mo ń kà á lọ, Sátidé bọ́ sí ẹ̀kẹfà, Sọ́ńdè ló jẹ́ ìkeje. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tan fóònù láti wo tirẹ̀, bákan náà ni. Mo wá ń rò ó pé báńkì tó ń ka owó olówó láti àárọ̀ di alẹ́, ṣé wọ́n á ṣi méje kà? Á jẹ́ pé láti ọjọ́ yìí wá, ọjọ́ kẹfà ni ọkọ mi àti alàgbà ń sinmi. Ta wá ni èmi, ìyàwó àná, aláìwé, tí màá dìde láàárín ìjọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló bà mí, ọmọ mi. Inú mi dùn. Káàdì ìgbéyàwó rẹ ti dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì ti rí i pé Sátidé ni, mo sì ti gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù, pé àga bàbá ìyàwó á wà níbẹ̀, pé bí ọkọ mi bá wá kí wọ́n jókòó, bí wọn ò bá wá wàá fi í sílẹ̀ lófìfo kí gbogbo ayé rí i. O sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, mo gbọ́ ẹkún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú ni àga yẹn ti ń dùn ọ́. Mo wá wò ó pé bí Sátidé ò bá kúkú jẹ́ ọjọ́ keje, ọjọ́ lásán ni, kò sì sí ohun tó máa dá ẹnikẹ́ni dúró. Mo rò pé Ọlọ́run ló fi kàlẹ́ńdà báńkì gbà mí. Mo fi káàdì náà sábẹ́ ibùsùn, mò ń dúró de ọjọ́ tí ẹnu mi á gbà á.

Ẹnu mi ò gbà á. Kí n má bàa ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi ní Sátidé pẹ̀lú wọn, màá sì tún sinmi ní Sọ́ńdè láṣìírí, màá ní orí ń fọ́ mi. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà wá di ti ọjọ́ márùn-ún. Mò ń fọṣọ nígbà tí ojú ọ̀run ò tíì là, mò ń se oúnjẹ ọjọ́ méjì pọ̀, mò ń sùn lórí ìdúró nídìí irin. Ṣé o ti gbọ́ ọ rí pé ìsinmi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn?

Fọ́ọ̀mù ló tú àṣírí mi. Wọ́n pín in fún wa nílé ìfọṣọ, wọ́n béèrè ẹni tó sún mọ́ wa jù, mo kọ obìnrin tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, torí apá wa máa ń kan ara. Wọ́n béèrè ọjọ́ tá ò lè wá síṣẹ́, mo fàmì sí Sátidé àti Sọ́ńdè. Kò pẹ́ sí i tí ọkọ mi wá tún aago ara ògiri wa ṣe. Wọ́n wà lórí àkàbà nígbà tí ọ̀gá wa bi wọ́n níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Baba Aláago, Ọlọ́run mélòó lẹ̀ ń sìn gan-an? Ti Sátidé ò tó ìyàwó yín, ó tún mú Sọ́ńdè mọ́ ọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí irin fi jó aṣọ. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn.

A jọ rìn lọ sílé. Mo ti ń ro ibi tí màá kó ẹrù mi sí. Nígbà tí a wọlé, wọ́n ní, "Kí ló ń rẹ̀ ọ́ tó báyìí?" Ohun tí wọ́n bi mí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo na ìka sí kàlẹ́ńdà. Wọ́n kà á bí mo ṣe kà á, mò ń wo ètè wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n mú sísọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń gé awọ okùn aago, wọ́n gé Sọ́ńdè kúrò lẹ́yìn, oṣù méjèèjìlá, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú Mọ́ńdè. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n Sátidé padà bọ́ sí ìkeje.

"Ọjọ́ ò ṣípò," ni wọ́n wí. "Àwọn tó fẹ́ kí iṣẹ́ máa ṣáájú ló gbé Mọ́ńdè síwájú."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé kàlẹ́ńdà tí wọ́n gé ló ń dùn mí, wọ́n ní àwọn á wá òmíì fún mi. Ni mo bá fa káàdì rẹ yọ lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n gbàgbé láti yọ awò tí wọ́n fi ń wo inú aago kúrò lójú, òun ni wọ́n fi kà á, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, kí ló dé tí mi ò béèrè? Mo ní ẹni tó jẹ́ pé ikọ́ ni mo fi ń pè é, báwo ni màá ṣe bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín èrìgì wọn.

Wọ́n lọ bá alàgbà lọ́jọ́ kejì, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí tí gọ́ọ̀mù káfíńtà fi gan. Ibi tí wọ́n já a sí nìyí: ìrìn àjò jẹ́ iṣẹ́, rírà àti títà jẹ́ iṣẹ́, oúnjẹ sísè náà jẹ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjókòó kì í ṣe iṣẹ́, kí ènìyàn yọ̀ mọ́ ọmọ kì í ṣe iṣẹ́. A ó kúrò nílé ní Tọ́sìdeè, a ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ kí oòrùn Fúráìdé tó wọ̀. Ní Sátidé wọn ò ní wọ ọkọ̀, ẹsẹ̀ la ó fi rìn dé gbọ̀ngàn. Ti ìwé tí bàbá ìyàwó máa ń buwọ́ lù, wọ́n ní kí o bá àwọn bẹ akọ̀wé bóyá ó lè ṣí i ní Fúráìdé. Bí kò bá ṣeé ṣe, wọ́n ní kí ẹlòmíì mú bírò, àwọn á mú àga.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Wá yàrá kan fún wa, bó ṣe wù kó kéré, tí kò jìnnà sí gbọ̀ngàn yẹn ju ẹgbẹ̀rún méjì ìṣísẹ̀ lọ. Orúnkún ọkọ mi ló ní iye yẹn, wọ́n ti ń fi ìrọ̀lẹ́ dán an wò láti ilé dé ibi tí wọ́n ti ń lagi àti àbọ̀, bó bá ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, ó ń ké. Má fi ẹsẹ̀ ọmọge tìrẹ kà á o, rìn bí àgbàlagbà kí o tó kà á. Bó bá sì wà lápò rẹ, fi owó ọkọ̀ àlọ ránṣẹ́, ti àbọ̀ wà lọ́wọ́ wa. Jọ̀wọ́ má fi ránṣẹ́ ní Sátidé, kí fóònù má bàa jí láti gbà á.

Ọmọ mi, ilé tí ò ń lọ yìí á gbà ọ́. Ohun tí ìtìjú ò jẹ́ kí èmi sọ fún ọkọ mi, ìwọ á sọ ọ́ fún tìrẹ ní wẹ́rẹ́, á sì gbọ́. O ò ní máa dá gbé àárẹ̀ tó yẹ kí ènìyàn méjì gbé. Àga rẹ ò ní ṣófo láéláé.

Oòrùn ti kù tín-ín-rín lórí ògiri. Ọkọ mi ti ń fi aṣọ nu bàtà tí wọ́n fẹ́ wọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ó ku oṣù kan gbáko. Wọ́n ti ń pè mí, wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì ló kù, aago wọn kì í ṣì í, kí n yára kí ọmọ wa fún àwọn. Ọmọ wa ni wọ́n wí o, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì, wọ́n ní kí ọmọ wa má gbé àga yẹn fún ẹnikẹ́ni, pé àwọn á jókòó sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí