Ìlú Kan Ṣoṣo Tí Mo Mú ní Ítálì

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìgbúròó mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Calgary níbí. Mo kí Bàbá Kékeré, tí wọ́n dúró bíi bàbá fún mi lọ́jọ́ ìdána. Mo kí Ṣadé àbúrò mi, nítorí mo mọ̀ pé òun ni yóò máa ka ìwé yìí sí yín létí. Ṣadé, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì ọ́.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ mi, pé kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í yá mi lẹ́nu. Lórí fóònù, ẹ ó ní ṣé dáadáa ni, èmi ó ní dáadáa ni, ó ti parí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n bí mo bá mú bírò, mo máa ń lè sọ díẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba yóò yé yín bó bá yá.

Oṣù karùn-ún la wà yìí, snow, yìnyín funfun ibí, tún bọ́ lánàá. Òtútù ibí kò jọ ti ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa ha èèyàn lára. Èyí a kàn gba ara lọ́wọ́ èèyàn ni. Nígbà tó le gan-an, kí n tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, mi ò ní mọ̀ pé mo ní ìka ẹsẹ̀ mọ́. Ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n tó padà wá. Ohun tí mo wá rí ni pé kì í ṣe ìka ẹsẹ̀ nìkan. Láti oṣù méje tí mo ti dé, inú mi kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ó kàn wà níbẹ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Foothills Industrial. Páálí tìmáàtì alágolo ló ń kọjá níwájú mi. Èmi a lẹ bébà mọ́ ọn, yóò lọ, òmíràn yóò dé. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí náà pé Ítálì ló ti wá. Màmá, mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ibẹ̀ nínú ilé. Ẹ fara dà á lónìí, nítorí òun lọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí náà: iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Owó epo rọ̀bì ló já wálẹ̀, epo ni ìlú yìí sì fi ń jẹun bí àwọn bàbá wa ṣe fi kòkó jẹun. Ní Downtown, àárín ìlú níbi tó ti ń ya àwòrán páìpù lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n pe ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ yàrá kan, wọ́n fún oníkálukú ní páálí kan kó kó ẹrù rẹ̀ sí. Ó gbé tirẹ̀ wọ train, ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé e dé McKenzie Towne tí à ń gbé. Ife kan àti fọ́tò ìgbéyàwó wa ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n má tíì sọ fún yín. Òun náà ló wá ní kí n sọ ọ́ báyìí. Ẹ má bínú pé mò ń kọ “ó” fún ọkọ. Òun ló ní kí n má pe òun ní “ẹ” mọ́. Lójú rẹ̀, ẹnu mi kò tíì gbà á. Inú ìwé nìkan ni mo ti lè ṣe é.

Kí iṣẹ́ tó bọ́ ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún àwa méjèèjì, ọ̀sẹ̀ méjì ní Ítálì, ìrìn àjò ìgbéyàwó tó ṣèlérí níwájú yín. Wọ́n ní àwọn kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì padà, pé ọjọ́ rẹ̀ nìkan la lè yí. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó lọ. Ó gba máàpù ńlá kan wálé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fún mi ní bírò pupa, ó ní kí n mú ibi tó bá wù mí.

Ilẹ̀ náà rí gbọọrọ bí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà. Mo wò ó títí, mo ní ibi tó bá wù yín. Ó ní òun kò fẹ́ ara òun níyàwó, èmi lòun fẹ́, kí n sọ̀rọ̀. Mo ní ibi tó bá wù yín náà ló wù mí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí a bá jẹun tán, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ àwọn ìwé tó ń kọ ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dá lóhùn. Ìlú la ó máa mú. Ó fi bírò yí Róòmù po. Ó yí Florence po. Ó yí Venice po, ó ní inú omi nilé wọn wà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń ná ọjà.

Nọ́ọ̀sì kan, Àǹtí Bísí, ló ni ilé tí à ń gbé, àwa la wà ní basement, yàrá abẹ́ ilé wọn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá kó aṣọ tí wọ́n fọ̀, wọ́n bá wa nídìí máàpù. Wọ́n gbọ́ Venice, wọ́n ní kí ọkọ mi gbé mi lọ sí Mákòkó, pé ilé inú omi wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, wọn kì í sì í béèrè físà. Wọ́n tún ní ìyàwó tí kì í lanu yìí, ṣé ó fẹ́ rìnrìn àjò ni, àbí à ń wá ibi tí a ó gbé e pamọ́ sí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní Àǹtí ò mọ̀ ni, pé ìyàwó òun léèyàn ní Ítálì. Ó na ọwọ́ òsì, ó fi aago ọwọ́ rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun ló fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀.

Màmá, ẹ rántí aago yẹn. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìyá ọkọ mi béèrè àkọ́bí yín. Bàbá Kékeré ló fèsì. Wọ́n ní Bùọ̀dá Túndé wà ní Ítálì, pé wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Ẹ̀yin ń wolẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ ìdána, aago dé nínú páálí, wọ́n ní Bùọ̀dá ló fi ta àna wọn lọ́rẹ. Èmi ni mo bá yín lọ rà á n'Íbàdàn. Mi ò bá yín jà nígbà náà, mi ò sì bá yín jà nísinsìnyí. Ta ni yóò fẹ́ fẹ́ aya nílé tí wọ́n ti ń sọ pé àkọ́bí àwọn rìn lọ, àwọn ò sì mọ ibi tó wà?

Ọkọ mi kì í bọ́ aago náà. Nítorí rẹ̀ gan-an ló ṣe mú Ítálì, tí kò mú Sípéènì. Ó ní a ò ní sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, ilé àna òun la ó sùn. Ó ra fìlà onírun kan sílẹ̀ fún Bùọ̀dá. Ó bi mí pé ìlú wo ni wọ́n wà, kí a lè fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní Milan, nítorí òun lojú mi kọ́kọ́ bà. Nígbà tó tún béèrè, mo ní Róòmù. Ó ní ṣebí Milan ni mo sọ? Mo ní wọ́n ti kó kúrò. Ó pa ìlà tó ti fà rẹ́, ó tún un fà láti Róòmù. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

Fọ́ọ̀mù físà ló tú mi fó. Àwọn òyìnbó tí wọ́n bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ a kàn wọ ọkọ̀ òfurufú lọ ni, àwa tí páásípọ́ọ̀tù wa ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí a ó dé sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ti kọ orúkọ Bùọ̀dá, ó ní kí n pè wọ́n fún àdírẹ́sì. Mo pe nọ́ńbà àtijọ́ tí Bùọ̀dá fi pè wá kẹ́yìn lójú rẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ kan sọ nǹkan ní èdè ibẹ̀, ó gé. Ọkọ mi ní bóyá wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, a ó tún pè lọ́la.

Lọ́sàn-án Sátidé, à ń jẹ ẹ̀bà, ó tún gbé fóònù fún mi. Mo gbé e kalẹ̀, mo sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn tó bí mo ṣe rò. Mo ní ọdún mẹ́fà rèé tí a ti gbúròó Bùọ̀dá kẹ́yìn. Wọ́n gba aṣálẹ̀, wọ́n gba òkun, wọ́n sì dé. Nígbà tí wọ́n pè kẹ́yìn, wọ́n ní oko tìmáàtì làwọn wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú kan tó ń jẹ́ Foggia. Wọ́n béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Ìkirè. Wọ́n ní àwọn ó pè ní Sọ́ńdè. Mo ní láti ìgbà náà, ẹ̀yin, Màmá, kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè mọ́, nítorí wọ́n máa ń ní kí ẹ pa fóònù. Mi ò sunkún. Mò ń gbọ́ ohùn ara mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ lókè ilé.

Ọkọ mi fọwọ́. Ó jáde láìdé fìlà, ó mú ṣọ́bìrì, ó kó snow ẹnu ọ̀nà wa, ó kó ti aládùúgbò ọ̀tún, ó kó ti òsì, ó kó o dé ibi tí kò kàn wá rárá. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé basement. Ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀. Mo rò pé bó bá wọlé, yóò ní kí n kó ẹrù mi. Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà mí. Bí mo ṣe máa ká aṣọ ni mò ń rò.

Ó wọlé, etí rẹ̀ ti gan bí igi. Ó béèrè ẹni tó ra aago. Mo ní Màmá ni. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ó dáa, ẹni tó rà á lòun ó máa wọ̀ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ní ilé alájà kan tí ẹbí òun gbé fọ́tò rẹ̀ wá fi hàn yín pé òun kọ́, ilé Àǹtí Bísí ni, òun kàn dúró níwájú rẹ̀ ni. Mo ní mo ti mọ̀, mo dá ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé. Ó ní kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀? Mo ní ẹ ò bi mí. Màmá, a bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi náà ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ó tún gbé máàpù wá, ó fún mi ní bírò. Mo wá Foggia títí mo fi rí i, lókè gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn. Lẹ́tà rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù. Mo yí i po. Mo ní ibí ló wù mí. N kò sọ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ. Ó gba bírò, ó fagi lé Róòmù, ó fagi lé Florence, ó fagi lé Venice. Ó ní Mákòkó ṣáà ń dúró dè wá.

Ó gba fọ́ọ̀mù tuntun, ó kọ àdírẹ́sì ilé àlejò kékeré kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin sí i. Ìwé ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́ mi, èmi oníwèé mẹ́fà, la fi lé òkè, nítorí tirẹ̀ kò sí mọ́. Físà ti jáde. Ó ti yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì sí ìparí oṣù keje, nígbà tí tìmáàtì bá pọ́n lóko.

Ìdí tí ìwé yìí fi wà ní gbangba nìyẹn. Ọkọ mi ní ẹbí òun yóò kà á, kí wọ́n kà á. Bóyá ọmọ ẹnìkan nínú àwọn tó ń kà á ti bá Túndé ará Ìkirè ṣa tìmáàtì rí. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ àwọn oníwèé ìròyìn yìí. Wọ́n ga, àpá wà ní ìgbọ̀nwọ́ òsì wọn níbi tí wọ́n ti já lórí igi kaṣú, wọ́n sì máa ń súfèé bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Bàbá Kékeré, ẹ má bínú pé mo tú àṣírí. Àṣírí náà ti jókòó pẹ́ jù sórí àga Bùọ̀dá.

Mi ò ṣèlérí pé a ó rí wọn. Ó lè jẹ́ oko lásán la máa bá. Ó lè jẹ́ ohun tí ẹ ò fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa sọ fún wa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, n ó sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Mi ò ní ra aago kankan bò ó.

Ohun kan ni mo ń tọrọ. Ẹ jẹ́ kí Ṣadé gbé fóònù sí yín lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ ki Bùọ̀dá, Àkànní yín, bí ẹ ṣe máa ń kì wọ́n nígbà tí ẹ bá ń jí wọn lọ sílé ìwé, kó gbà á sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi. N ó máa gbé e rìn láàárín àwọn tó ń ṣa tìmáàtì. Bó bá jẹ́ ìtìjú ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n lè sá fún èmi, wọn ò ní lè sá fún ohùn yín. Ẹ má sunkún sí i o, Màmá, kí ọ̀rọ̀ lè dá ṣáká.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹsẹ̀ tó jáde nílé yín yóò mọ ọ̀nà ilé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò, àtẹni tó rántí mi àtẹni tó gbàgbé. Ọkọ mi ní kí n kí yín, ó ní ẹ ṣé aago.

Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, Màmá, ẹ wọ aṣọ yín, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni n ó jókòó ti fóònù.

Èmi ni ọmọ yín,
Abọ́sẹ̀dé