Ewé Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbá Dànù

                                        Agboolé Ọlọ́dẹ,
                                        Lálúpọn.
                                        Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Morónikẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yín ti fúyẹ́? Ẹ kú ọ̀dá òjò yìí o. Ara àwa náà le, àlùhàmùdùlíláì. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó kí o tó ka èyí tó kù, nítorí ẹ̀rín ò jẹ́ kí èmi gan-an lè di bírò mú.

O rántí pé wọ́n ń kọ́ àwa obìnrin àtàwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò ní ba ilẹ̀ jẹ́. Sanmí, olùkọ́ wa, ní ká yéé sun koríko, ká máa fi òun àti ewé gbígbẹ bo ẹsẹ̀ àgbàdo kí ilẹ̀ má baà tètè gbẹ. Bàbá ọkọ mi fún mi ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé láti fi dán an wò. Wọ́n ní tí àgbàdo náà bá yè, ilẹ̀ di tèmi. Tó bá kú, kí n padà sídìí ẹ̀gẹ́ tí mò ń bó fún àwọn ẹlẹ́gàárì. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti dé ilé ọkọ, n kò ní ebè kan ṣoṣo tí mo lè pè ní tèmi.

Mo bá gbin àgbàdo, mo kó ewé bo gbogbo ilẹ̀ náà. Kíá, àdúgbò sọ mí ní Ìyàwó Onípàǹtí! O mọ̀ pé oko tó mọ́ tónítóní ni iyì àgbẹ̀ níbí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àmọ́ ojú ń ti ìyá ọkọ mi nítorí tèmi. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi tó bímọ l'Ólódò, kí n tó dé, ìyá ti fi ìgbálẹ̀ gbá ìdajì oko, wọ́n ti sun ewé rẹ̀ ráúráú!

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi: "Ìyàwó mi, mo bá ẹ tún un ṣe, kí wọ́n má baà pè ẹ́ lọ́bùn. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, ǹ bá gbá a tán."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo lọ sunkún ní balùwẹ̀.

Òjò bá dá, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Morónikẹ́, o ò bá wá wo oko! Apá tí ìyá gbá, ewé àgbàdo ká bí ẹní. Apá tí wọn ò gbá, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ti yọmọ! Lánàá, bàbá fìka wa ilẹ̀ apá méjèèjì. Ni wọ́n bá kọjú sí ìyá.

"Ìyá Jùbrílù, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló là mí lójú. Ká ní o ò gbá a ni, ǹ bá ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló dáa. Ìyàwó, ilẹ̀ di tìẹ."

Mo fò sókè títí bàbá fi ní kí n má ya wèrè sórí àgbàdo.

Ìyá ńkọ́? Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé ìgbálẹ̀, wọ́n lọ gbá ojúlé gbogbo aládùúgbò, wọ́n ru ewé wálé. Àwọn yẹn ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé ìyá bá wọn tún ilé ṣe!

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá. Tí o bá ń bọ̀, má ra búrẹ́dì. Di ewé gbígbẹ abẹ́ máńgòrò yín l'Ájíbòdé wá, àpò kan péré.

                                        Èmi ni tìrẹ láìyẹsẹ̀,
                                        Mùjíbátù,
                                        Ìyàwó Onípàǹtí tó di onílẹ̀.