Mo Da Ìborùn Bo Ojú Fóònù

Ọkọ mi, ọmọ mi,

Ìlú ńlá ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka kò ní sùn tì ọ́. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ara bàbá rẹ ti yá, ó ti tún ń bá ewúrẹ́ jà.

Ìròyìn tó wà lẹ́nu mi ni ti ilé ìgbẹ̀bí tí mo ti ń gbálẹ̀. O mọ̀ pé ẹgbẹ́ aláàánú ló ni ín. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ti gbàgbé wa, pé bí oṣù yìí bá parí, agbẹ̀bí yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àyà mi já, nítorí oyún àbúrò rẹ ti pé oṣù, ilé ìwòsàn mìíràn sì wà ní òdìkejì odò.

Ẹgbẹ́ wá rán ọmọbìnrin kan sí wa kó fi fóònù wá olùrànlọ́wọ́, Ọmọ Fóònù là ń pè é. Ó ti ń fi àwòrán ilé ìgbẹ̀bí wa ránṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́, ògiri, bẹ́ẹ̀dì, páálí oògùn, ṣùgbọ́n ó ní ṣe làwọn èèyàn ń yọ́ kọjá bí ajigbèsè tó rí olówó. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó gbé fóònù ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ní ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni gbogbo ayé á máa rí lójú ẹsẹ̀, kí n ṣe bí mo ṣe ń ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo bi í bóyá ọkùnrin wà nínú wọn, ó ní wọ́n pọ̀.

Kò pẹ́ ni wọ́n gbé àbúrò rẹ wọlé, ó ń rọbí. Ọmọ Fóònù sáré lọ pe agbẹ̀bí nílé. Ṣé kí ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí wá máa wo ọmọ mi nírú ipò bẹ́ẹ̀? Mo bọ́ ìborùn mi, mo dà á bo fóònù. Ṣùgbọ́n a kì í fi àlejò sínú òkùnkùn ká má bá a sọ̀rọ̀. Mo fẹnu mọ́ aṣọ, mo ní ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ẹ jókòó, ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run. Mo tilẹ̀ bi wọ́n bóyá ìwọ náà wà láàárín wọn, torí n kò gbóhùn rẹ.

Ọkọ mi, wọn ò lọ! Nígbà tí Ọmọ Fóònù mú agbẹ̀bí dé, ó yọjú sábẹ́ aṣọ, ó figbe ta, ó ní ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n ń kọ̀wé wọlé pé, ìyá, ó ti bí? Ẹnìkan ní òru ni lọ́dọ̀ tòun, òun ò sì ní sùn. Èèyàn tó kún ju ọjà lọ, nínú òkùnkùn, wọ́n ń dúró de ọmọ tí wọn ò mọ ìyá rẹ̀, tí wọn ò mọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ké, mo ní ẹ gbọ́, obìnrin ni! Ọmọ Fóònù bú sẹ́kún, ó ní ọkàn pupa, àmì ìfẹ́ wọn, ń rọ̀jò lójú fóònù. Mo ní kó ṣọ́ra o, bó bá dà sílẹ̀, èmi náà ni n ó nù ún.

Lọ́sẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn èèyàn yẹn ti dáwó, agbẹ̀bí kò lọ mọ́. Àbúrò rẹ àti ọmọ wà lálàáfíà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe rèé. Wọ́n kọ̀wé pé àwọn á padà wá wo ọmọ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, gbogbo wọn. Bẹ́ǹṣì méjì péré la ní. Jọ̀ọ́, fi owó bẹ́ǹṣì ránṣẹ́, pẹ̀lú owó omi tútù, kí ojú má tì wá. Ọmọ Fóònù ní wọn ò nílò ìjókòó. Mo ní ẹni tó bá wa dúró lọ́jọ́ ìrọbí, ó yẹ kó rí ibi jókòó lọ́jọ́ ayọ̀.

Èèyàn ò ní wọ́n ọ. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ọ, àwọn tí o ò mọ̀ rí yóò dúró tì ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.