Òdo àti Kẹ́tùrù Màámi

Ọjọ́bọ̀, Atíkórí

Láti ìgbà tí Màámi ti kú, kẹ́tùrù àlùwàlá wọn ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Láàárọ̀ yìí ni mo gbé e jù sí yàrá ẹrù. Ojú mi ò gbà á mọ́.

Nírọ̀lẹ́, mo ń fi owó kọ́ Sìdíkátù àbúrò mi ní ìṣirò. Mo tẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà kan àti náírà mẹ́wàá-mẹ́wàá méjì sílẹ̀, mo ní kó kọ àpapọ̀ wọn. Ó kọ 120. Mo pariwo débi pé wọ́n gbọ́ mi ní Òde-Omi lọ́hùn-ún létí òkun.

"Ọgọ́rùn-ún dà?"

"Kò sí."

"Olódo, kọ òdo síbẹ̀! Òun ló ń bá ẹni tí kò sí di àyè mú."

Ó dìde, ó lọ gbé kẹ́tùrù padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ibí ni àyè Màámi?"

Èmi tí mo lè ta iyọ̀ fún òkun, mo kàn ní kó bomi sí i.