Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ti Gba Dírẹ́bà

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì kí ọ kú ariwo ìlú ńlá tí kì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa lórí fóònù. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé wa láìfarapa, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ, ikọ́ rẹ̀ ti lọ, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì sinmi. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tún ti ń jò, a ti gbé garawa síbẹ̀. Ewúrẹ́ aránṣọ aládùúgbò wa bí ọmọ méjì sí ẹnu ọ̀nà wa, ó sì kọ̀ láti kó wọn lọ sílé olówó rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò lónìí ni ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, tí o ń sunkún ayọ̀, tí o ń pariwo pé Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti gba dírẹ́bà rẹ. Fóònù náà ń já, ó ń so, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó yẹ kí n gbọ́ ni mo gbọ́. O ní dírẹ́bà àtijọ́ kan ni, pé ilé iṣẹ́ tó ni ín ti pa á tì, wọ́n ní àwọn tuntun ti dé, kí wọ́n jù ú nù. O ní àánú rẹ̀ ṣe ọ́. O ní tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun ni o máa ń jókòó tì, tí o ń tún un ṣe, tí o ń bẹ àwọn àgbààgbà tó yí Kọ́nẹ́ẹ̀lì ká pé kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀. Ta tún ni dírẹ́bà àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ pa tì, bí kò ṣe èmi bàbá rẹ?

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀ akẹ́rù tí kì í lo gíà, tí wọ́n ní kí àwa tá a mọ gíà lọ sinmi, mi ò gbádùn ìsinmi náà rárá. Iwájú ilé ni mo máa ń jókòó sí láràárọ̀. Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún á máa tẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni ń tẹ bíréèkì. Ìyá rẹ kíyè sí i, ó sì tẹ́ ẹní kékeré síbẹ̀. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Èmi tí gbogbo ọ̀nà ń pè ní Rọra, tí mi ò da ẹrù ẹnikẹ́ni sí kòtò rí, èmi ni wọ́n wá ń rán pé kí n lé ewúrẹ́.

Àmọ́ mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò. O ní àwọn àgbààgbà náà dá dírẹ́bà padà lọ́pọ̀ ìgbà, pé ó ń sọ̀rọ̀ jù, pé gbogbo ohun kékeré tó bá ṣẹlẹ̀ ló máa ń ròyìn, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Wọ́n tún ní ó máa ń gba àyè, kì í dá a padà, àti pé tó bá ti sùn, kì í jí bọ̀rọ̀, tó bá sì jí, á ti gbàgbé ohun tó ń ṣe. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà mọ̀ mí dénú egungun. Mo bi í léèrè pé ta ló lọ ṣòfófó mi fún àwọn sójà. Ó ní òun ò mọ sójà kankan. Ṣùgbọ́n ta ló mọ bí mo ṣe ń sùn, yàtọ̀ sí òun? Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

O ní o ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, pé dírẹ́bà ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tí ewu bá wà. Ó dáa, mo ti ń fi kọ́ra. Lánàá, mi ò la ẹnu láti òwúrọ̀. Mo rí èéfín lórí ìkòkò, mo ń rò ó bóyá ewu nìyẹn tàbí kì í ṣe ewu, kí n tó pinnu, oúnjẹ ti jóná. Ìyá rẹ náà ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn, ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé o ní nígbà àkọ́kọ́ tí dírẹ́bà dé iwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ńṣe ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì ṣubú lulẹ̀ gbì, tí wọ́n ní láti pa gbogbo nǹkan kí wọ́n tó tún tàn án. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi. Mi ò tíì fojú kan ọkùnrin náà rí. Sójà wo ló sì ń dákú? Bí àyà rẹ̀ bá ń já, kó lọ rí dókítà, kó má di ẹ̀bi lé dírẹ́bà lórí.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù atúnfóònùṣe kó bá mi pè ọ́ padà, mo bá a tó ń fi irin gbígbóná jó ikùn fóònù kan. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì tí ò ń wí kì í ṣe ènìyàn, pé òun ni ọ̀gá tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, pé dírẹ́bà sì ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó ń túmọ̀ àṣẹ ọ̀gá náà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọ̀gá ológun ṣẹ̀ tí wọ́n fi tì í mọ́nú kọ̀ǹpútà. Ó fọwọ́ lẹ́rán. Mo foríjì í, ọmọdé ni, kò tíì wa ohun tó ju alùpùpù lọ. Ìwọ fúnra rẹ ló ṣáà sọ fún mi pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn aláìsàn láwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ni dírẹ́bà náà wà fún, pé láìsí dírẹ́bà, wọn á kó ẹ̀rọ náà dànù. Ó yé mi. Ẹ̀rọ ò lẹ́sẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e. Ṣùgbọ́n o ní gbogbo ayé ni dírẹ́bà yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bá mi sọ fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì kó kọ́kọ́ fi mí sí ìtòsí.

Ó ku ọ̀rọ̀ fèrèsé. O ní fèrèsé ni wọ́n ṣí fún ọ̀sẹ̀ méjì, pé wọn ò ní pẹ́ tì í, pé ẹni tí kò bá gba ibẹ̀ wọlé á dúró di ìgbà mìíràn. Mo ti fi fèrèsé yàrá wa dán an wò. Orí àti apá mi wọlé, ikùn mi dúró síta, aránṣọ ló fà mí padà. Olè ló ń gba fèrèsé, ọmọ mi. Tí àgbàlagbà bá gba fèrèsé wọ ilé ológun, wọ́n lè yìnbọn fún un. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ohun kan wà tí o sọ kí fóònù tó já pátápátá, òun ni mo ń rò ṣáá. O ní wọ́n ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ dírẹ́bà náà, pé ẹnikẹ́ni tó bá rí àbùkù lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò gbé ẹjọ́ wá, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá ṣì ń tọ́jú rẹ̀, wọn ò ní yọ ọ́ mọ́. Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún. Èmi ni mo máa ń lọ jẹ́jọ́ rẹ nílé ìwé nígbà tí o bá tú rédíò tíṣà palẹ̀. Ọjọ́ wá dé tí ìwọ yóò máa bá mi jẹ́jọ́.

O ní ọ̀fẹ́ ni, pé Kọ́nẹ́ẹ̀lì kì í sanwó. Mo gbà, ẹni tó bá ti jókòó bí mo ṣe jókòó kì í bèèrè owó oṣù. Ìwọ ṣáà fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti owó awò ojú, torí wọ́n lè yẹ ojú mi wò, àti owó bàtà, torí èyí tí mo ní ti la ẹnu bí ẹni tébi ń pa. Tó bá ṣẹ́ kù, ti òrùlé.

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ dáadáa bóyá èmi gan-an ni dírẹ́bà tí ò ń wí. Mo ní kò sóhun tí mo fẹ́ bi ọ́. Mo ti lọ aṣọ kákí mi, mo ti dágbére fún onígbàjámọ̀ àti gbogbo àwọn tó máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n sì dìde dúró fún mi. Nítorí náà, ọmọ mi, bí kì í bá ṣe èmi, má tíì pè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọkọ̀, kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí n rí ojú rẹ.

Ọ̀nà ò ní dí mọ́ ọ. Bíréèkì rẹ ò ní já lórí òkè. Bí o ò ṣe jẹ́ kí wọ́n ju ohun àtijọ́ nù, àwọn ọmọ rẹ ò ní pa ìwọ náà tì. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Rọra,
Dírẹ́bà Kọ́nẹ́ẹ̀lì.